Ṣọ́tà Kámẹ́rà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìràwọ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ṣe lápá Apakun. Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìsọlọ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, òrùlé ilé náà sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, ibẹ̀ la ti máa ń sá aṣọ. Ibẹ̀ ló máa ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí gbogbo àdúgbò ń ṣépè, inú tirẹ̀ a máa dùn, nítorí òkùnkùn ni ìràwọ̀ fẹ́.

Kámẹ́rà náà kì í ṣe tuntun. Lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ló ti rà á, ó wá fún ẹlòmíì ní kó yọ gíláàsì kan kúrò nínú rẹ̀, kó lè máa rí àwọ̀ pupa kan tó wà lójú ọ̀run tí ojú àwa èèyàn kì í rí. Ó fi ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà hàn mí rí. Mo ní ó jọ ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun nìyẹn, pé kò burú tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń wọ bàtà. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì lọ. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló bá a dé: "Ó dáa." Tí ebi bá ń pa á, "Ó dáa." Tí ara bá ń ro ó, "Ó dáa." Dókítà ní ọ̀rọ̀ yòókù ṣì wà nínú rẹ̀, pé ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde ni wọn kò rí. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ó mọ gbogbo wa. Á tẹjú mọ́ mi, á ya ẹnu, ojú rẹ̀ á kún fún ohun tó fẹ́ wí, á wá ní "Ó dáa." Òun náà á gbọ́ ohun tó jáde, á mi orí.

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lábàá pé ká ta kámẹ́rà náà. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ nítorí pé ó bá mi nílé ọkọ, àǹtí ló ń pè mí.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ wò ó, ó kàn wà nínú àpótí, ọ̀rinrin ń mú un. Mo yọ ọ́ lánàá, gíláàsì rẹ̀ ti fẹ́ máa bu. Kó tó bàjẹ́ pátápátá, ẹ jẹ́ ká fún ẹni tó máa lò ó. Ohun tí a bá rí níbẹ̀, ká fi kún owó àwọn tó ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀."

"Kí ni bọ̀ọ̀dá mi fúnra wọn wí sí i?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ó dáa."

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan níléèwé ló bá mi wá ẹni tó máa rà á. Ọmọbìnrin kan ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Èjìgbò, òun náà sì ń ya fọ́tò ìràwọ̀. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti rò pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni irú rẹ̀ wà ní gbogbo Èkó. A pàdé ní Bọ́ládé lọ́sàn-án Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí títì.

"Àǹtí, ṣọ́tà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi yẹ̀ wò," ọmọbìnrin náà wí.

Mo ní mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yọ lẹ́ǹsì, ó ní kí n wo inú ihò náà. Mo rí irin pẹlẹbẹ mélòó kan tó tò léra wọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó ní ìlẹ̀kùn nìyẹn. Tí èèyàn bá tẹ kámẹ́rà, ìlẹ̀kùn náà á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì tún padà tì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ń gbó sí i, títí ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

"Ṣé a ò lè mọ bó ṣe gbó tó láì tẹ̀ ẹ́?"

"A lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ká tó mọ bó ṣe ń ṣe sí, àfi ká tẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin náà fi okùn kan so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tí iye náà jáde, ó fà sẹ́yìn lórí ìjókòó. "Ẹni tó ni í lò ó gan-an o, mà." Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé fún mi pé àwọn tó ń ya ìràwọ̀, ojú kan náà ni wọ́n máa ń yà ní àyàtúnyà, tí wọ́n á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fọ́tò kan ṣoṣo. Mo rántí bí mo ṣe máa ń sùn sílé wọn tí mo máa ń gbọ́ ọ láti òkè, ká, ká, ká, tí mo ń rò pé aláǹgbá ló ń já lu páànù ilé kejì.

"Ó ti kọjá iye tí wọ́n ní ká máa retí," ọmọbìnrin náà wí. "Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ rí, iye yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi bọ̀ọ̀dá."

Mo ti sọ fún un pé ara ẹ̀gbọ́n mi kò yá. N kò sọ pé kò lè sọ̀rọ̀. Mo pe ìyàwó rẹ̀, ó gbé fóònù sí i létí, èmi náà sì ṣí ohùn fóònù tèmi sókè kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi lè gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti pààrọ̀ ṣọ́tà kámẹ́rà yìí rí?"

"Ó dáa."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀?"

Mo gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró ná. "Bọ̀ọ̀dá mi, àbí ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀ rí?"

"Ó dáa."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú ọmọbìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi tún wí i, ó wí i kíákíá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Ó dáa! Ó dáa! Ó dáa!", ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gígùn. Gbogbo àlàyé tí a ń wá ló wà nínú ohùn náà, n kò sì lè mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pa á. Wọ́n ń sunkún."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń polówó bẹ́líìtì pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ọmọbìnrin náà wí. "Mi ò mọ̀."

"Kò burú. Èmi ni mi ò sọ fún ọ."

Ó ní òun ṣì fẹ́ kámẹ́rà náà, torí gíláàsì tí wọ́n ti yọ yẹn, pé irú rẹ̀ ṣòroó rí. Ọkùnrin náà fi ya ògiri funfun ní kíákíá, léraléra. Nínú èyí tó yára jù, òjìji dúdú kan wà lókè fọ́tò náà. Ó ní ìlẹ̀kùn náà ti ń lọ́ra, pé kì í tètè kúrò lọ́nà mọ́. Ọmọbìnrin náà ní kò séwu, ti ìràwọ̀ kì í yára, ṣe ni wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀ kó pẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán èyí tó pẹ́ wò. Ó bo ojú lẹ́ǹsì, ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ká. A ń dúró de ìkejì tí ìlẹ̀kùn náà á fi tì. A dúró títí, kò dún.

Ọkùnrin náà pa á, ó tàn án, ó yọ bátìrì, ó dá a padà. Ó yọ lẹ́ǹsì, ó tan iná wo inú rẹ̀, ó wá fi hàn wá. Ọ̀kan nínú àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ti yọ kúrò ní ipò rẹ̀, ó tẹ̀, ó sì há síbẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ líle mú un o," ọmọbìnrin náà wí.

"Mo rí ọ. O ò ṣe nǹkan kan," mo ní.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ọkùnrin náà wí. Ó ní òkè òkun ni wọ́n ti máa rán ṣọ́tà mìíràn wá, àti pé bí òun bá tú u, òun kò lè ṣèlérí pé ibi tí wọ́n ti yọ gíláàsì náà kò ní bàjẹ́. Ọmọbìnrin náà kò lè rà á mọ́, n kò sì lè sọ pé kó rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló nu kámẹ́rà náà tó sì tẹ́ ẹ sínú báàgì.

Nígbà tí mo dé Ìsọlọ̀, ìyàwó wa ń ká aṣọ. Mo ròyìn fún un. Ó jókòó lé orí aṣọ tó ká.

"Kí la máa wí fún wọn?"

Kí n tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ọwọ́ òsì lu ògiri nínú yàrá. Bó ṣe máa ń pè wá nìyẹn. A wọlé tọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ sí báàgì náà, ó ṣí i, ó fi orúnkún di kámẹ́rà mú, ó sì fi ọwọ́ kan yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ láìṣì í. Ó wo inú rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó há níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó fi ṣeré."

Ó tì í sí mi. Mo gbà á. Ó gbà á padà. Ó tún tì í sí mi, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ká gbé e padà lọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó dáa."

Mo gbé e jáde, ó lu bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e wọlé, ó tún lu bẹ́ẹ̀dì. A rò pé òkè ilé ló fẹ́ lọ, a gbé e dìde, ó mi orí kíkankíkan. A fún un lómi, a gbé fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ wá, a pa fáànù, a tan fáànù. Òógùn bò ó. Nígbẹ̀yìn ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ jábọ́, ó kọjú sí òrùlé. Ìyàwó rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ sinmi, olówó orí mi, ẹ sinmi." Mo jáde lọ dúró sẹ́yìn táǹkì omi, kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Mo gbé kámẹ́rà náà padà sí Bọ́ládé pé kí wọ́n tún un ṣe. Ṣọ́tà àkọ́kọ́ tó dé láti òkè òkun kì í ṣe irú rẹ̀. Wọ́n tún ti rán òmíràn, a ń retí rẹ̀. Ọmọbìnrin Èjìgbò máa ń pè mí, àlàáfíà ẹ̀gbọ́n mi ló sì máa ń kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè ohun mìíràn. Ó fẹ́ wá kí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti sunkún lórí fóònù, ó máa ń fi ọwọ́ bojú tí àlejò bá wọlé, ìyàwó rẹ̀ sì ní ká fi í sílẹ̀ ná.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sàn díẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn dé géètì. Ọ̀rọ̀ kan ti kún èyí tó ní: "Omi." Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, a pariwo ayọ̀, ó wí i títí, a sì ń gbé omi fún un ní gbogbo ìgbà tó bá wí i, ó ń mu ún, títí tí inú rẹ̀ fi wú. A kò mọ̀ bóyá omi ló ń béèrè lóòótọ́, tàbí pé ẹnu rẹ̀ kàn ń gbádùn ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ti kámẹ́rà, n kò bi í mọ́.