Elégédé Màámi ní Ìkòròdú

Hóró elégédé mẹ́rin péré ni mo bá ní ìṣẹ́tí aṣọ màámi lẹ́yìn tí a sin ín ní Ẹ̀pẹ́. Elégédé rẹ̀ kì í tóbi. Ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, inú rẹ̀ a sì pọ́n bí epo. Òun la fi ń ṣínu nínú Ramadan ní gbogbo ìgbà èwe mi. Wọ́n ti kọ́lé sórí ibi tó ń gbìn ín sí, mi ò sì rí irú rẹ̀ lọ́jà kankan mọ́. Bí hóró mẹ́rin yẹn bá ṣòfò, ó tán nìyẹn.

Ìgbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, èmi àti ọkọ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ẹ̀sìtéètì kan ní Ìkòròdú. Bí òjò ṣe ń parí lọ, mo ṣe bisimilaahi, mo gbin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìnkùlé, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Gbogbo wọn hù. Kí òtútù ọyẹ́ tó dé, ìtàkùn ti bo ilẹ̀, òdòdó ń tàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èso bá ti yọ, kò ní tíì ju àtàǹpàkò lọ tí yóò fi rọ, tí yóò já bọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo rí oyin díẹ̀ nínú àwọn òdòdó náà. Mo ní, “Ẹ̀yin olè, ọwọ́ tẹ̀ yín.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, kí n tó lọ wọkọ̀ ibi iṣẹ́ ní ibùdókọ̀ Benson, màá fín oògùn apakòkòrò sí gbogbo òdòdó. Mo ń gbàdúrà, mo ń fín oògùn. Èso kò yéé já.

Àbúrò màámi tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, wá kí wa lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó sì sùn. Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé ìmọ́tótó, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá, kò sì lè tètè lọ. Mo mú àdá, mo fẹ́ ṣán yúnyún tó ń tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ta ló rán ọ?” Pákò ṣì wà lẹ́nu Ìyá Ẹ̀pẹ́.

“Ìmọ́tótó ni, mà. Ẹ ò rí i pé igbó ni?”

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo òkú oyin lórí yanrìn. Ó wá rí agolo oògùn.

“Àwọn ló ń ba elégédé màámi jẹ́, mà,” mo ní.

“Háà! Ìwọ tó kàwé tó báyìí! Wọ́n ń bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, o wá ń fi májèlé kí wọn káàárọ̀!”

Ó já òdòdó kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí kò ní èso nídìí. “Akọ nìyí.” Ó tọ́ka sí òmíràn tó ní elégédé kékeré nídìí. “Abo nìyí. Ta ni yóò mú wọn pàdé? Ṣé ìwọ tó o ti wà nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó là?” Ó ya etí òdòdó akọ náà kúrò, ó fi lẹ́búlẹ́bú àárín rẹ̀ ra inú abo. “Iṣẹ́ oyin nìyí. Ìyá rẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé yúnyún. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ òun.”

Ojú tì mí. Ní ilé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà han oyin. Mo tọrọ àforíjìn níbẹ̀, tàdátàdá lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni alága àwọn onílé yọjú. “Ìyáàfin, igbó yìí ńkọ́?”

“Kì í ṣe igbó, sà,” Ìyá Ẹ̀pẹ́ dáhùn. “Búkà ni.”

“Búkà ta ni?”

“Ti oyin.”

“Oyin kẹ̀! Bí wọ́n bá ta mí, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú mi o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó fún wa láyè di Sátidé ìmọ́tótó tó ń bọ̀.

Mo kó oògùn dànù. Nítorí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo omi, mo bu omi sínú àwo, mo to òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí oyin lè rí ibi dúró mu. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Sátidé, bí oòrùn ṣe mú òtútù kúrò, mo gbọ́ wọn: hùùù, láàárín yúnyún. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n yà sínú elégédé. Mo dúró síbẹ̀, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí alága padà dé, èyí tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ fọwọ́ ṣe ti tó orí ọmọdé, mẹ́fà mìíràn tí oyin ṣe sì ń tẹ̀lé e. Ó wo ìtàkùn, ó wo yúnyún.

“Ẹ má gé e mọ́,” ó ní. “Èwo ni tèmi?”

Àkọ́kọ́ tó gbó, orí itan mi ni mo gbé e lé nínú ọkọ̀ kọjá Agbọ̀wà dé Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ là á. Inú rẹ̀ pọ́n bí epo, hóró rẹ̀ sì gbó dáadáa. “Alhamdulilaahi,” a jọ pariwo. Ó di ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìṣẹ́tí aṣọ mi.

“Fi díẹ̀ pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí o, ọ̀mọ̀wé.”

Mo fi pamọ́. Ramadan tó tẹ̀lé e, elégédé màámi la fi ṣínu, nílé mi àti nílé alága.