Ìdánwò Orí Àwọn Ọmọ Àńtí Fèrè

Àńtí Fèrè ni àwọn ọmọ ń pe igbákejì kóòṣì wa, nítorí pé fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá ń jẹun. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé pẹ̀lú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Èmi tí mò ń fọ jẹ́sì wọn mọ irú ẹni tó jẹ́: ẹnu rẹ̀ mú, ara rẹ̀ yá, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ti bú rẹfirí kan rí títí ọkùnrin náà fi ń tọrọ àforíjì. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, nígbà tí mo bá a nínú yàrá tí a ń kó jẹ́sì sí, tó jókòó sórí àpò bọ́ọ̀lù, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá Jẹ́sì," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Gólì wa ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Bó bá tún forí gbá nǹkan, ọmọ yẹn lè kú."

Lọ́jọ́bọ̀, níbi ìgbáradì, ọmọ tó ń ṣọ́lé fún wa fò lé bọ́ọ̀lù, ó sì forí sọ irin tí wọ́n so àwọ̀n mọ́. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn, bí wọ́n tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́.

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù wọn máa ń ṣe ìdánwò kan nídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á wo ogún ọ̀rọ̀, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n rántí. Bí àwọ̀ bá yí padà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì. Dókítà ikọ̀ á fi máàkì wọn pamọ́. Bí ọmọ kan bá wá forí gbá nǹkan, á tún un ṣe, bí máàkì bá sì já wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ Ẹtì, ti aṣọ́lé ò já wálẹ̀ rárá. Dókítà buwọ́ lù ú, ọ̀gá kóòṣì sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó máa gbá.

"Ṣebí ó yege?" ni mo bi í.

"Ó yege torí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kùnà nígbà àkọ́kọ́. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Nínú bọ́ọ̀sì ló ti sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, bí ẹni ń dápàárá. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbá máa ń ṣe bí ọ̀dẹ̀ nínú ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ kí máàkì wọn lè kéré, kí ẹnikẹ́ni má bàa lé wọn kúrò lórí pápá. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun tí kò sọ nínú bọ́ọ̀sì, tó wá sọ fún mi báyìí, ni pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ṣubú lórí pápá lẹ́yìn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ó ní láàárọ̀ yẹn, aṣọ́lé ti bi òun lẹ́ẹ̀mẹta pé ikọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ bá gbá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún sọ́wọ́ òsì, kò mọ̀.

"Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá," mo ní.

"Wọ́n á lé mi. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù yìí nìkan ni mo mọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kí ni màá sì sọ fún ìyá ọmọ yẹn?"

Ẹ̀rù rẹ̀ ràn mí. Inú sì tún bí mi. Mo ní ẹnu tó yá nínú bọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ wúwo lónìí.

Nígbà tí a wọ yàrá ìmúra, àwọn ọmọ ti ń di okùn bàtà. Ọ̀gá ń ya ibi tí kálukú máa dúró sí sójú pátákó. Àńtí Fèrè dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ yọ gólì kúrò. Máàkì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é."

Mo rò pé ọ̀gá á jágbe. Kò jágbe, ó kàn nu ibi tó yà fún gólì kúrò lójú pátákó, èyí sì bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. Dókítà tó wà nínú yàrá ti bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń mú un lọ sídìí ọkọ̀, wọ́n ń lọ sí ọsípítù. Aṣọ́lé tó máa ń bá ọ̀gá pàápàá jiyàn ń tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀gá kọjú sí àwọn tó kù. "Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín?"

Ọ̀kan nawọ́. Èkejì nawọ́. Balógun ikọ̀ nawọ́, kò lè wo ojú wa. Kí n tó mí, ọwọ́ ti kún inú yàrá. Àńtí Fèrè ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ọmọ kan tó jókòó ní igun, tí kò tíì pé oṣù méjì tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ yìí ò sí nínú bọ́ọ̀sì lọ́dún tó kọjá. Òun náà nawọ́.

"Ta ló kọ́ ìwọ?" ni Àńtí Fèrè bi í.

Ọmọ náà wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo Àńtí. "Wọ́n ní bí a ṣe máa ń ṣe é níbí nìyẹn, mà."