Ìsìtíkárà Tí Ìyá Nafeesah Ń Sá Fún

Bí ẹ bá dé ọjà Aswani lọ́jọ́ Àtàláátà, tí ẹ béèrè Fàósátù, wọn á bi yín pé Fàósátù wo nínú Fàósátù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ìyá Nafeesah tó ń ta àńkárá, ọmọdé pàápàá á mú yín débẹ̀. Obìnrin gíga kan tó rù díẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè nítorí kéwú tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun nìkan ni mo mọ̀ lọ́jà yẹn tó máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ má rà á o, ó máa ń ṣí." Èmi Ìyá Roqeebah ni ìsọ̀ mi tẹ̀ lé tirẹ̀, ibì kan náà la sì ti ń ra ọjà. Ẹ wo irú ìpalára tí òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣe fún mi! Mo ti bínú sí i títí ó fi sú mi.

Inú ilé kan náà la gba yàrá sí lẹ́yìn Àgọ́ Palace, nítorí náà kò sí ohun tó pa mọ́ fún mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun kọ́ ló bí Nafeesah. Láti Ìséyìn ló ti wá bá ọkọ rẹ̀ ní Èkó nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Tàjùdéèn lorúkọ ọkọ náà, awakọ̀ tírélà ni. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ wá ọmọ, ọmọ ò dé, ni ikú bá mú Tàjùdéèn lọ. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí ìgbéyàwó Ìsíátù, àbúrò Fàósátù, fi dàrú. Ìsíátù gbé ọmọ ọdún méjì wá fún un, ó ní kó bá òun mú un dání kí òun fi ríṣẹ́ ṣe. Ìmúdání náà di ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pè é ní Ìyá Nafeesah, ó sá wọlé lọ sunkún, ó ní ìdùnnú ni.

Láàárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè, abẹ́ òrùlé tí lánlọ́ọ̀dù ń gbé mọ́tò sí ni ilé-kéwú rẹ̀. Àwọn ọmọ bí ogún á jókòó sórí ẹní, lánlọ́ọ̀dù á sì gbé mọ́tò rẹ̀ síta láìjanpata, nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Kùránì, àlùwàlá àti ìrun ló ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni ìsìtíkárà, ìrun ráká méjì tí Mùsùlùmí ń kí nígbà tó bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan. Lẹ́yìn ìrun náà ni yóò tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé bí nǹkan ọ̀hún bá dára, kó jẹ́ kó ṣeé ṣe, bí kò bá dára, kó gbé e jìnnà. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń ṣe é fúnra rẹ̀? Àfáà là ń gbé e fún. Àfáà á gbàdúrà, á sùn, á lálàá, á wá jíṣẹ́. Nígbà tí bàbá Roqeebah fẹ́ fẹ́ mi, àfáà tí ìyá mi lọ bá ní òun rí ẹyẹlé funfun. Ọdún kẹrìnlá rèé, mo ṣì ń wá ẹyẹlé náà.

"Ebi ò lè máa pa ẹ́ kó o rán ẹlòmíì lọ jẹun," báyìí ni Fàósátù máa ń wí fún àwọn ọmọ. "Ìwọ lọ̀rọ̀ kàn, ìwọ ni kó o bẹ Ọlọ́hun." Ó sì máa ń fi kún un pé kò dìgbà téèyàn bá lálàá; kí wọ́n bẹ Ọlọ́hun, kí wọ́n wo ibi tọ́kàn wọ́n balẹ̀ sí, kí wọ́n sì máa lọ.

Àwọn ọmọ gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan mo ní kí Roqeebah lọ fọ abọ́, ó ní kí n fún òun láyè, òun fẹ́ fi ìsìtíkárà wò ó bóyá oore wà níbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ju ọmọ-orógùn ọwọ́ mi lù ú. Nígbà tí Fàósátù gbọ́, ó kó gbogbo wọn jọ. "Ohun tó bá jẹ́ dandan, kò sí ìsìtíkárà lórí ẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ èèwọ̀, kò sí ìsìtíkárà lórí ẹ̀. Abọ́ fífọ̀, dandan ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tọkàntọkàn.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni Ìsíátù dé láti Ìbàdàn. Ó ti fẹ́ ọkọ míì, èèyàn jẹ́jẹ́ kan, ó ti bí ọmọkùnrin fún un, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ mú Nafeesah lọ, kó wọ sẹ́kọ́ńdírì lọ́dọ̀ mi. Mi ò lè fagídí gbà á, ẹ̀yin lẹ wò ó dàgbà. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìsìtíkárà tẹ́ ẹ kọ́ ọ. Ibi tọ́kàn ẹ̀ bá lọ, màá fara mọ́ ọn."

Kí ni Fàósátù fẹ́ wí? Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi mú un. Ó ní ó dáa, kí wọ́n fún ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ń wọn yáàdì méje fún ẹni tó sanwó mẹ́fà. Oúnjẹ tí Nafeesah fẹ́ràn nìkan ló ń sè, dòdò láàárọ̀, dòdò lálẹ́, títí ọmọ fi ní inú ń run òun. Èmi ò lè máa wo ọ̀rẹ́ mi níran kó máa jìyà. Mo ní, "Ìyá Nafeesah, ṣebí Àfáà Bùràímọ̀ wà ní Òṣòdì níbẹ̀ yẹn. Jẹ́ ká lọ fún un ní sàráà, kó bá wa lálàá pé kọ́mọ má lọ. Ìsíátù ò jẹ́ bá àfáà jiyàn."

Mo rò pé yóò bá mi jà. Kò jà.

"Mo ti rò ó," ló wí. "Lánàá mo tiẹ̀ wọkọ̀ dé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Ibẹ̀ ni mo ti padà."

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, lọ́jọ́ Jímọ̀, Nafeesah wá bá wa níbi tí a ti ń ká aṣọ láàárọ̀. Ọmọ tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa.

"Mọ́mì, mo lálàá. Bàbá kan tó wọṣọ funfun, tó wé láwàní, ó ní kí n má lọ."

Èmi ni mo bi í pé, "Èdè wo ló fi bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Lárúbáwá, mà."

"O sì gbọ́ gbogbo ẹ̀?"

"Ó túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo Fàósátù kí a lè jọ rín in, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ojú rẹ̀ ń dán. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Ìsíátù jáde, ó gbé àtàǹpàkò lé e, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dọ̀la. Èmi fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí n má purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, mo gbé àwo ẹ̀wà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé-kéwú, mò ń ṣà á. Àdúrà ìsìtíkárà ni wọ́n ń kà lọ́jọ́ náà. Wọ́n dé àárín rẹ̀, Fàósátù ní kí wọ́n dúró.

"Ibí yìí lo ti máa dárúkọ ọ̀rọ̀ ẹ. O ò ní sọ pé bóyá èyí ni tàbí ìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo lo máa dárúkọ, èyí tó wà lọ́kàn ẹ láti ṣe."

Roqeebah mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, nawọ́ sókè. "Àǹtí, nígbà tẹ́ ẹ ṣe tiyín lórí ọ̀rọ̀ Nafeesah, kí lẹ dárúkọ?"

Gbogbo ọmọ gbójú sókè. Fàósátù ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún pa á dé.

"Mi ò tíì ṣe é."

"Kí ló dé, mà?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Mi ò fẹ́ kí Ọlọ́hun wá sọ nǹkan míì fún mi."

Níbi tí Nafeesah jókòó sí, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ò lálàá kankan, bàbá aláṣọ funfun kò wá, ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti kírun náà, òun kàn ń sùn lọ ni. Fàósátù kúnlẹ̀ tì í, ó bá a nu ojú.

"Má sunkún. Mi ò bi ẹ́ nípa àlá mọ́. Nígbà tó o dé ibi tá a ti ń dárúkọ ọ̀rọ̀, kí lo dárúkọ?"



"Mo ní, lílọ mi sọ́dọ̀ Mọ́mì Ìbàdàn."

"Ní ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má bínú, mà."

Èmi ni mo bínú. Mo bínú sí ọmọ náà, mo bínú sí Ìsíátù, mo bínú sí ọdún mẹ́wàá tó lọ bẹ́ẹ̀. Fàósátù ò bínú. Ó ní, "O ò ṣẹ̀ mí rárá." Ó dìde, ó gbé omi, ó ṣe àlùwàlá, ó sì kí ráká méjì lójú gbogbo wa, oòrùn ti ń ràn, àwọn ọmọ ń wò ó. Nígbà tó jókòó tó ń gbàdúrà, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ ketekete. Lílọ Nafeesah ló dárúkọ. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù rẹ̀.

"Ìsíátù, wá mú ọmọ ẹ."

Mo bá wọn gbé ẹrù dé Òṣòdì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nafeesah dì mọ́ Fàósátù, kò fẹ́ wọkọ̀, Fàósátù ló ń tì í pé kó wọlé kí wọ́n má gba àyè rẹ̀. Kò sunkún. A padà délé, ó da dòdò sínú epo, ó wá rántí, ó paná. Ìgbà yẹn ló tó sunkún, mo sì bá a sun ún.

Mo rò pé kò ní kọ́ni lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé mọ́tò láago mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ-ọmọ lánlọ́ọ̀dù ló béèrè lọ́tẹ̀ yìí.

"Àǹtí, ṣé Ọlọ́hun ti dá yín lóhùn?"

"Ó ti dáhùn. Nafeesah ti lọ."

"Ṣé inú yín wá dùn?"



"Àdúrà yẹn ní ìparí kan tá a máa ń sáré kà. Lẹ́yìn tá a bá ti ní kí Ọlọ́hun pèbùbù oore fún wa níbi yòówù kó wà, a máa ń sọ pé, kí O sì jẹ́ kí n yọ́nú sí i." Ó gbé ojú kúrò lára wọn. "Ibẹ̀ yẹn ni mo ṣì wà."

Ó ní kí wọ́n máa kà á tẹ̀ lé òun. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ọmọ kà á tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò dá wọn dúró, ó ń kà á lọ.