Ẹni Tí Ọmọ Kọ́kọ́ Rìn Bá

Ọdún tí ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ jọ ríṣẹ́ tuntun ni mo fi ààrò ẹja mi l'Eléko sílẹ̀ fún àbúrò mi, mo kó wá sílé wọn l'Ajah. Àwọn tó mọ bí èéfín ṣe ń ta mí lójú ní àsìkò ìsinmi mi dé. Mo ní ẹ ṣeun. Àmọ́ kì í ṣe ìsinmi ni wọ́n pè mí wá ṣe.

Iṣẹ́ ọkọ wà ní èbúté ńlá tó wà lápá Ìbẹ́jú, ti ìyàwó wà ní ọ́fíìsì kan ní Lẹ́kkí. Lówùúrọ̀, wọ́n á jọ rìn dé géètì, ọ̀kan á kọjú síbí, èkejì á kọjú sọ́hùn-ún, èmi á dúró lójú fèrèsé, ọmọ wọn á wà lẹ́yìn mi. Ọkùnrin ni ọmọ náà, kò tíì pé ọdún kan. Ọkọ mi ni mò ń pè é, bí àwa ìyá àgbà ṣe ń pe ọmọ-ọmọ wa. Ìyàwó mi ni mo sì ń pe ìyá rẹ̀, torí ìyàwó ọmọ mi, tèmi náà ni.

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ mi yìí ń pa ìyàwó mi lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ń dín kù. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó na ọwọ́, ọmọ á wò ó, á tún fi orí pamọ́ sí mi lọ́rùn.

Á ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kó wá kí mi."

Èmi á ní, "Ọkọ wa ni."

"Ọkọ wa kẹ̀? Ẹ̀yin nìyáálé nígbà yẹn. Èmi ìyàwó kékeré, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ mi sí."

Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo ti ní orogún rí, mo mọ ibi tí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ń parí sí.

Kò pẹ́ tó fi ní kí ọkọ rẹ̀ ra kámẹ́rà kékeré kan, wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa rí ọmọ lórí fóònù òun níbi iṣẹ́. Ọmọ mi ń ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń ṣọ́. Mo ní kó lọ jẹun.

Ohun kan ló wà lọ́kàn ìyàwó mi. Eyín àkọ́kọ́, kò sí nílé nígbà tó yọ. Èmi ni ìka mi kàn án. Ó wá bá mi nílé ìdáná, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, ìrìn yẹn, èmi ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rìn bá." Mo ní Ọlọ́run á gbọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, mò ń ká aṣọ lórí àga ní pálọ̀, ọkọ mi di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó dìde, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Tàgétàgé ló ń bọ̀ títí tó fi ṣubú lé mi lórúnkún. Mo pàtẹ́wọ́, mo jó díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìyàwó mi. Mo ní, "Ó tó, dúró de ìyá ẹ." Láti ìgbà náà, bó bá ti fẹ́ nàró báyìí, mo ti gbé e pọ̀n. Mo fẹ́ kí ọjọ́ Sátidé, tí ìyá rẹ̀ máa wà nílé, bá ẹsẹ̀ yẹn ní tuntun. Kámẹ́rà ò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi wọlé, kò bọ́ bàtà. "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Kí lọmọ ṣe lónìí?"

"Ó jẹun, ó sùn."

"Kò ṣe nǹkan míì?"

"Kí ló tún fẹ́ ṣe?"

Ó wò mí, ó wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé ọmọ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyàwó mi, na ọwọ́ sí i, jẹ́ ká wò ó."

Kò na ọwọ́. "Mo rí i, Mọ́mì. Níbi iṣẹ́ ni mo ti rí i. Mo ń retí kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ẹ tún wá ń so ó mọ́ ẹ̀yìn kó má baà rìn mọ́."

"Mo fi pamọ́ fún ẹ ni."

"Ṣé ẹja ni, tẹ́ ẹ fi ń pa á mọ́?"

Ọmọ mi gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí—"

"Dákẹ́ ná," lèmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ wí.

Mi ò bá a jà. Ẹja tó bá fẹ́ bàjẹ́, ariwo kọ́ là ń pa lé e lórí, iyọ̀ là ń fi sí i. Láti ọjọ́ Ajé, mo ń gbé ọmọ lọ sábẹ́ kámẹ́rà. "Juwọ́ sí màmá ẹ." Kámẹ́rà náà ń sọ̀rọ̀, tí ìyàwó mi bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀ níbi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ á jáde lára ògiri, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Tèmi ló wá ń fún pọ̀. Bí mo bá pe ọkọ mi, ògiri ló ń wò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà nílẹ̀ láàárín pálọ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i. Èmi náà, tí mi ò bá parọ́, mo na tèmi. Ọmọ dìde. Ó kọjá mi, ó kọjá ìyá rẹ̀, ó lọ dúró sídìí ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì sí kámẹ́rà. "Mámà."

Ìyàwó mi bọ́ bàtà rẹ̀. "Mọ́mì," ó ní, "ìyáálé wa rèé o. Ó ti gbọkọ lọ́wọ́ àwa méjèèjì."

Ó lọ jókòó sílẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà náà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pe ọmọ. Ọmọ wòkè, ó wò ó, ó tún wòkè. Ohùn kan náà ni. Ó bá ṣubú lù ú láyà.

Mo wò wọ́n. Mo tú ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́n kúrò níbàdí, mo ká a, mo gbé e fún ìyàwó mi.

Ó gbà á. "Ẹ má lọ síbì kankan o, Mọ́mì."

"Ta ló ń lọ?" mo ní. "Ṣebí ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn."