Àlejò Inú Àgọ́ Irun Ewúrẹ́

Bàbá náà kọ̀ láti sùn nínú ilé. Ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi láti mọ́ṣáláṣí, ní ilé ńlá kan ní Lilburn, nílùú òyìnbó níbí, ó sì mú bàbá wá láti aṣálẹ̀ Jọ́dánì pé kó wá sinmi. Lọ́jọ́ kejì ni bàbá na àgọ́ sẹ́yìnkùlé: àgọ́ irun ewúrẹ́, tó dúdú bí kóró iṣin, tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó dì í mọ́ ẹrù wá bí àwa ṣe ń di gàrí.

Bẹ́dúì ni bàbá, àwọn Lárúbáwá tí ń da ràkúnmí àti àgùntàn kiri aṣálẹ̀, tí wọ́n ń ká ilé wọn bí ẹní nígbà tí koríko bá tán. Mo bi í léèrè ohun tí bẹ́ẹ̀dì ṣe fún un. Ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀. Bàbá fèsì:

“Ilé tí kò lè ṣí kúrò lójú kan, kí ló fi yàtọ̀ sí sàréè?”

Mo rántí ilé tèmi ní Fairburn.

Ìtàn aṣálẹ̀ ni mo wá gbọ́, kọfí ni mo rí. Ife rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ. Mo mu ún tán, bàbá tún bù. Wọ́n tọ́ mi dáadáa: ọmọlúàbí kì í dá ọwọ́ àgbà padà. Wọ́n tọ́ òun náà dáadáa: ife àlejò kò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ̀kọ́ ilé méjì fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo ti mu tó ife mẹ́wàá kí ọmọ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mi ife yẹn! Bí ẹ ò bá mì í, wọn ò ní í dáwọ́ dúró.”

Bí mo ṣe ń mi ife lọ́wọ́ ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọlé, ìyáàfin kan báyìí.

“Òfin wa kò gba àgọ́,” ló wí, “àfi bí ẹ bá ń gba àlejò lọ́wọ́. Tí àlejò bá ti lọ, ẹ tú u. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a óò ní kí wọ́n wá kó o.”

Bàbá tọ́ka sí mi. “Kí wá nìyí? Ewúrẹ́ ni?”

Ìyáàfin wò mí látòkè délẹ̀. “Ìgbà wo lẹ ń lọ, sà?”

“Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò lọ́dọ̀ wa,” bàbá bá mi dáhùn. Kò bi mí bóyá mo fẹ́.

Bí mo ṣe di òpó àgọ́ nìyẹn. Mo jẹ ẹran àgùntàn, mo sùn sórí ẹní. Òjò rọ̀, irun ewúrẹ́ wú, ó sì dí gbogbo ihò. Ẹ̀kán kan kò kán sí mi lára. Ìyàwó mi pè láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀: “Alhaji, ẹ nílé o. Ṣé ẹ rántí?”

Ní ọjọ́ kẹta, ó wá mú mi fúnra rẹ̀. Bàbá ti ń tú okùn àkọ́kọ́. Ó ń fọwọ́ pa aṣọ àgọ́ náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ẹran. Ọmọ rẹ̀ ń wolẹ̀.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i. Bàbá fi okùn sílẹ̀, ó gbé ìkòkò kọfí.

“Ẹyọ kan péré o,” ìyàwó mi sọ fún mi, “ká máa lọ.”

Ó mu ún tán. Bàbá tún bù. Ìyàwó mi, ọmọ ilé ire, tún fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọmọ bàbá wò mí, èmi náà wò ó.

Nígbà tó pẹ́, ìyàwó mi rọra yíjú sí mi. “Alhaji, báwo ni wọ́n ṣe ń dá èyí dúró?”

“Mi ò mọ̀ o,” mo wí, mo sì na ẹsẹ̀ mi.

Bàbá padà lọ so okùn tó ti ń tú.