Àǹtí Tí Kì í Jẹ́ Ká Fo Ìtàn

Láti Adó-Èkìtì títí dé ojú òṣùpá, kò sí ẹni tí kò mọ ìbọn yìn tó Àǹtí Monínúọlá. Mo ti rí ọjọ́ tó yìnbọn sí ọ̀tá tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀, tí ọta sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá lọ fọ́ ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ wá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló máa ń lò láyé gèémù kí wọ́n tó pa á. Tó bá lo méjìlá, a máa ń pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀, òun ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù gèémù tó wà ní àdúgbò ẹ̀yìn Fájuyì, níbi tí àwọn tó mọ ìbọn yìn jù ní gbogbo Èkìtì ń jókòó sí, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù ìdánwò àṣekágbá.

Gèémù kan ṣoṣo ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìgbẹ́mọ lọ, nítorí náà Ẹ̀ṣọ́ Òfuurufú la ń pè é. Apá mẹ́fà ló ti jáde láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan ló ń kiri láàárín àwọn ìràwọ̀, tó ń bá àwọn ẹ̀dá olójú mẹ́rin jà, ìbọn sì pọ̀ níbẹ̀ ju ewé igbó lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé gèémù náà kì í gbàgbé. Ẹni tí o bá pa ní apá kejì, o ò ní rí i mọ́ láéláé. Ẹni tí o bá dá sí lè padà wá bá ọ ní apá karùn-ún, níwọ̀n ìgbà tí ìtàn rẹ bá ṣì wà nípamọ́ nínú ẹ̀rọ.

Ìmọ́lẹ̀olúwa, àbúrò Àǹtí, ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ó gbá gèémù náà láti apá kìíní dé ìkẹfà, ó sì sọ ọ̀gá ọkọ̀ ogun rẹ̀ ní Màmá Ìgbẹ́mọ, ìyá àgbà tó fi ìrẹsì tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Bí ó ṣe di pé àwọn abàmì ẹ̀dá tó ti jó odidi ìràwọ̀ mọ́kànlá ń sá fún arúgbó tó ń fi atẹ fẹ́ ìrẹsì nìyẹn. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló mú Ìmọ́lẹ̀olúwa lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí apá keje tó jáde. Àǹtí, tó jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àwa ọmọdé onírùngbọ̀n.

Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni bàbá wọn. Nílé wọn, ẹran kò ní kan ọ lọ́jọ́ Àìkú àfi tí o bá sọ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú àkọ́sórí rẹ̀. Òfin yìí náà ni Àǹtí gbé wá sí ẹ̀yìn Fájuyì. Kí o tó fọwọ́ kan pádì tí a fi ń gbá gèémù, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Kí la kọ́ níjọ́sí?" O gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìtàn dé: ta ló kú, ta ló dalẹ̀, ta là ń wá lọ. Lẹ́yìn náà, o máa sọ àkọ́sórí apá tí o fẹ́ gbá, gbólóhùn kan tí Àǹtí yàn fún un. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n, bẹ́ǹṣì ń dúró dè ọ́.

Ẹni tí bẹ́ǹṣì mọ̀ jù ni Ṣèyítán, ọlọ́kadà ọmọ Ìlá. Tó bá yìnbọn, ẹ̀fọn ò lè fò kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àtàǹpàkò rẹ̀ á ti tẹ bọ́tìnnì tó ń fo ìtàn.

"Àǹtí, ìbọn ni mo wá yìn, mi ò wá sílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi."

"Ta lo fẹ́ yìn ín sí?"

"Ẹni tó bá dúró níwájú mi."

"Kí ló ṣe fún ọ?"

"Ó dúró níwájú mi."

"Lọ jókòó, ọmọ Ìlá. Ẹni tí kò gbọ́ ùtàn, apànìyàn lásán ni." Bí inú bá bí Àǹtí, ìtàn a máa di ùtàn lẹ́nu rẹ̀, ilé a sì di ulé.

Bùrọ̀dá Ọlátúndé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń ti ọ́fíìsì bọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ti ṣí fáìlì fún gbogbo ẹ̀dá olójú mẹ́rin, pẹ̀lú ọjọ́ ikú wọn.

Apá keje dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Láti ọdún mẹ́ta ni Àǹtí ti ń retí rẹ̀. Ó ti sọ fún wa láìmọye ìgbà pé gbogbo ohun tí òun ń fẹ́ ni kí òun rí ibi tí ìtàn àbúrò òun máa já sí. Ó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ń lọ ra bẹntiróòlù kún ti inú jẹnẹrétọ̀.

Ṣèyítán ò lè dúró. Ó ki gèémù bọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, àtàǹpàkò fò ó. Òmíràn yọ, ó fò ó. Ẹ̀kẹta ní àyè kò tó, ṣé kí òun nu àwọn ìtàn àtijọ́ kúrò?

"Ẹ dúró ná, kí ni wọ́n kọ síb..." Bùrọ̀dá Ọlátúndé ò tíì sọ ọ́ tán.

Àtàǹpàkò ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn ọdún mẹ́rìndínlógún sì yọ́ bí iyọ̀ nínú omi.

Nígbà tí Àǹtí gbé jálá bẹntiróòlù rẹ̀ wọlé, Ṣèyítán ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, imú rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

"Àǹtí, ẹ dákun. Mo ti pa Màmá Ìgbẹ́mọ."

Ọkùnrin tó ti pa ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láìṣẹ́jú ń sunkún nítorí ẹyọ kan. Àǹtí sọ jálá náà kalẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ibi tó máa ń lé wa lọ, ó sì ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Gbogbo ohun tí Ìmọ́lẹ̀ pinnu ló wà níbẹ̀," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é."

Bùrọ̀dá Ọlátúndé ló sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ wò ó. Ó ní ẹni tí ìtàn rẹ̀ sọnù lè tún un sọ. Ìbéèrè méjìlá ni òun máa bi. Bí a bá ṣe dáhùn ni òun máa ṣe tún ìtàn náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun ń bèèrè."

Àǹtí gbójú sókè. "Ṣèyítán, dìde. Kà á sókè. Má fo ẹyọ kan."

Ó kà á. Kí ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dáhùn. Ta lo fi jọba ní ìlú yìnyín? A dáhùn. Ta lo fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń jóná? Ìdáhùn ń tú jáde lẹ́nu wa bí orin tí ìyá ẹni kọ́ni. Àkọ́sórí tí mo ti ń kùn sí fún ọdún mẹ́ta, èmi náà ni mo ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ yìí.

Ó ku ìkejìlá. Ní òpin apá kẹrin, Ọ̀gágun Kóràkì, ẹni tó jó gbogbo oko oúnjẹ ayé, ṣé o pa á ni, àbí o dá a sí?

"Ó pa á," ni Ṣèyítán wí. "Mo rántí bí orí ẹ̀ ṣe fò."

"Ìwọ lo pa tìẹ," Àǹtí dá a lóhùn. "Sọ àkọ́sórí apá kẹrin."

Ṣèyítán rọra sọ ọ́: "Oko á tún hù. Èèyàn kì í hù lẹ́ẹ̀kejì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí ọ̀kan nínú àwọn olójú mẹ́rin ni."

"Kò sí olójú mẹ́rin tó sọ ọ́. Ìyá àgbà wa ni. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ẹnì kan fi iná lé eku nínú igbó ní Ìgbẹ́mọ, ó sì jó éékà ìrẹsì mẹ́ta mọ́ màmá lọ́wọ́. Gbogbo ìlú ní kí wọ́n fa ọkùnrin náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Màmá ní oko á tún hù. Lọ́jọ́ tí Ìmọ́lẹ̀ débi Kóràkì yìí, ó gbé pádì sórí eékún, ó pẹ́ gan-an. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ màmá, ó sì sọ ìbọn sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí."

Ṣèyítán ò lo àtàǹpàkò. Ìka ìfábẹ̀lá ló fi tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun: dá a sí.

Apá keje ṣí. Ọkọ̀ Màmá Ìgbẹ́mọ ti fọ́ ní ìdajì, ọ̀tá yí i ká bí eṣú. Bí a ṣe ń rò pé ó parí, ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ yọ láti ẹ̀yìn òṣùpá kan. Kóràkì ló kó wọn wá, gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní òun wá san oore.

Àǹtí fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Ìmọ́lẹ̀, o ṣé," ó wí. Ó wá yíjú sí wa. "Ẹ̀yin náà, ẹ ṣé."

Ṣèyítán kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pádì fún un. Ọta àkọ́kọ́ tí Àǹtí yìn, ọkọ̀ Kóràkì ló bà. Kóràkì kò bínú. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wá síwájú Àǹtí, ó ń gba gbogbo ọta tó ń bọ̀ fún un, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí Monínúọlá lo ogójì ìṣẹ́jú àáyá láyé.