Bí A Ṣe Lẹ Ọkọ̀ Rọ́bà Màlámù Gàrbá

Ojú Màlámù Gàrbá ni ọkọ̀ ojú omi náà ṣe já. A ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tán, ó ti wú, ó ti le, ọkọ mi ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń ta àgbò iléyá. Ojú ibi tí a lẹ̀ pọ̀ bá ṣí lójijì, ọkọ̀ rọ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Kasuwar Kara, ní Sokoto. Màlámù kàn ń wò ó. Ojú tì mí gan-an.

Tapólì ni iṣẹ́ èmi àti Bàbá Mùtíátù, ọkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá. Àwa là ń rán ìbòrí fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àlùbọ́sà lọ sí apá gúúsù, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ wá ní ọkọ̀ ojú omi rí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ alálùbọ́sà ni Màlámù, òdìkejì odò Rima ló ń gbé, oníbàárà wa sì ni látọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí nígbà tí odò kún. Ọkọ̀ onígi kan ṣoṣo tó wà ní abúlé wọn ti fọ́, wọn ò rí ọ̀nà gbé e wá sí ọsibítù, ọmọ náà ò yè. Ní báyìí ó ti tún lóyún, ìgbà òjò ló sì máa bí.

"Hajiya," ó wí fún mi, "ohun tó máa gbé e kọjá ni mo fẹ́. Kò dìgbà tó bá rẹwà."

Abẹ́rẹ́ ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ni afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Iná la gbọ́dọ̀ fi lẹ̀ ẹ́, kí rọ́bà ara tapólì yọ́ díẹ̀, kí tòkè tìsàlẹ̀ di ọ̀kan. Ọkọ mi ní áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ti tó. Mo ní kò tó. Ó gbé áyọ́ọ̀nù mi, rọ́bà yọ́ mọ́ ọn lójú, títí dòní n kò jẹ́ kó sún mọ́ aṣọ funfun. A tún lọ dán ẹ̀rọ tí àwọn oní-piọ́wọ́tà fi ń dí ẹnu ọ̀rá wò. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, tapólì wa sì nípọn, ojú rẹ̀ lásán ló gbóná. Níkẹyìn, a yá èyí tí àwọn tó ń lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì mọ́tò ní Tudun Wada ń lò. Ó rí bí ìbọn, atẹ́gùn gbígbóná ló ń tú jáde. Èèyàn á darí atẹ́gùn náà sáàárín tapólì méjèèjì, á sì máa fi rólà kékeré tẹ̀ ẹ́ pọ̀ tẹ̀lé e.

Àjákù la kọ́kọ́ lẹ̀. Pínsà la fi dì í mú torí pé ó ń jóni. Tó bá tutù tán, a ó fà á ya: bí ojú lílẹ̀ bá ṣí, kò tíì mú, bí tapólì fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ ya, ó ti mú nìyẹn. Ti ìbọn yẹn mú. A so garawa omi mọ́ ọn nínú oòrùn Sokoto, kò mira. Bí ọkàn wa ṣe balẹ̀ nìyẹn tí a fi lẹ odindi ọkọ̀, tí a sì ránṣẹ́ pe Màlámù.

Nígbà tó já, ọkọ mi ní iná ni ò gbóná tó. Mo ní kó jẹ́ n rí àyè ronú. Mo jókòó ti ọkọ̀ náà, mo ń fọwọ́ tọ ojú lílẹ̀ lọ. Ibì kan mú, ibì kan ṣí, ibì kan mú, ibì kan ṣí. Mo gbé ìka mi lé ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ṣí, ó bá a mu wẹ́kú.

"Bàbá Mùtíátù, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Ó nà án sí mi. Ó ń dán.

"Tìrẹ náà ńkọ́?" ni ó bi mí.

Tèmi náà ń dán. Ọyẹ́ ló ń jà nígbà náà, àràárọ̀ la sì máa ń fi òrí pa ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Pínsà la fi mú àjákù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tóbi, ọwọ́ la fi ń tẹ́ ẹ. Gbogbo ibi tí a fọwọ́ kàn ni òrí wà, rọ́bà ò sì ní lẹ̀ mọ́ òrí. A rẹ́rìn-ín ara wa, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Ká ní àárín odò ló ti já ńkọ́, pẹ̀lú obìnrin yẹn nínú ẹ̀?

A tú gbogbo rẹ̀, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi sípíríìtì nù ún, a tún un lẹ̀. Mo gbé igbá òrí pamọ́. Ọwọ́ mi là títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo gba kámú. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọkọ̀, a gbé e sóòrùn ọ̀sán, a fi ìfófó ọṣẹ pa ojú lílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Kò hó níbì kankan.

A gbé e dé etí odò. Màlámù ní, "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, Hajiya."

"Màlámù, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o."

"Ìyàwó mi náà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Mo wọ̀ ọ́. Ó tukọ̀ gbé mi dé òdìkejì, ó gbé mi padà, aṣọ mi ò tutù.

Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, obìnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó pọn ọmọ. Ìyàwó Màlámù ni. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Òun ni ọkọ̀ yín gbé kọjá nínú mi." Mo kàn ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọyẹ́ ti jẹ́ kó funfun. Mo pa ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná tí mo fi ń lẹ tapólì lọ́wọ́, mo wá igbá òrí jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún.

Ọkọ mi ní, "Iṣẹ́ wà nílẹ̀ o."

Mo ní kó máa lẹ̀ ẹ́ lọ, ọwọ́ mi ti kan òrí.